A Kì í Lé Àgbà Kúrò Nílé Ìwẹ̀

Ẹjọ́ tó wọ ààfin lánàá, omi ló gbé e wá. Aránṣọ kan ló pe onílé rẹ̀ tó ń gbé òkè lẹ́jọ́. Onílé náà, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Fúnra-mi, nítorí kò sí ohun tó bàjẹ́ nílé rẹ̀ tí kì í fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe, kò sì sí èyí tó tún ṣe tí kì í bàjẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Aránṣọ kúnlẹ̀ níwájú Baálẹ̀ àti ìgbìmọ̀, aṣọ funfun kan lórí itan rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi.

"Kí ẹ pẹ́ fún wa, Baálẹ̀. Ilé ìwẹ̀ wọn ló wà lókè máṣíìnì mi. Sílíkóònù, gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ìsàlẹ̀ ògiri ṣáwà kí omi má bàa gba ibẹ̀ kọjá, ó ti gbó, ó ti hu, ó ti là. Bí wọ́n bá ti ń wẹ̀ lókè, èmi náà ń wẹ̀ nísàlẹ̀ taṣọtaṣọ. Ẹ wo aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́ Sátidé!"

Ó tẹ́ ẹ. Àbàwọ́n kan wà láyà aṣọ náà, ó fẹ̀ tó àwo.

"Ṣé o bá wọn sọ ọ́?" Baálẹ̀ bi í.

"Títí ẹnu mi fi bó! Wọ́n ní bí omi bá ń dà mí láàmú, kí n kó ẹrù mi. Ọdún mọ́kànlá rè é, Baálẹ̀! Ibẹ̀ ni gbogbo oníbàárà mi mọ̀."

Bàbá Fúnra-mi dìde, ó tún fìlà ṣe bí ẹni tó fẹ́ ka orúkọ ọmọ kíláàsì.

"Ta ló ní mi ò tún un ṣe? Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ti kun tuntun sí i!"

"Ṣé ẹ fá ti àtijọ́ kúrò?"

"Kí n fá kí ni?" Ó wo ìgbìmọ̀ yíká. "Baálẹ̀, sílíkóònù yẹn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí àbíkẹ́yìn mi. Torí pé ó gbó, kí n wá fi abẹ lé e jáde, kí n fi ọmọ àná rọ́pò rẹ̀? Àgbà ni! Mo ní kí àwọn tuntun fara ti àgbà, kí wọ́n kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀."

Olóyè tó dàgbà jù, tó ti ń tòògbé láti òwúrọ̀, lajú kedere.

"Ọ̀rọ̀ gidi! Kí ẹnikẹ́ni má fá àgbà o!"

Àwọn olóyè ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ta ló máa dá sílíkóònù àgbà lẹ́bi níbi tí ẹni tó kéré jù ti lé ní àádọ́rin ọdún?

Wọ́n pe ìyàwó Bàbá Fúnra-mi wọlé láti ìta.

"Baálẹ̀, ọkọ mi fá a mọ́ tónítóní. Ojú mi ló ṣe."

"Ìyá yìí!" Bàbá lọgun. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé mi ò fá a ni!"

"Háà! Ẹ ò sọ fún mi pé ẹ ti yí i padà. Ohun tí a jọ sọ nílé ni mo sọ."

Ààfin rọ́ ẹ̀rín. Baálẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ọjọ́ mélòó lẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ?"

"Ọ̀sẹ̀ kan gbáko!" Bàbá ní.

"Bí wọ́n ṣe ń jáde ni mo ń wọlé," ìyàwó rẹ̀ ní. "Ooru mú."

Ó wá kan púlọ́ńbà àdúgbò.

"Mo sọ fún wọn: ẹ fá a, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kun tuntun, ẹ má wẹ̀ níbẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ló kọ́ mi ní ABD." Ó yọ ègé sílíkóònù náà kan lápò, ó nípọn bí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. "Mo kàn fọwọ́ kàn án ni, ló bá já lé mi lọ́wọ́. Ìpele mẹ́jọ! Kò sí èyí tó di ògiri mú nínú wọn. Ara wọn ni wọ́n dì mọ́, omi ń gba abẹ́ gbogbo wọn kọjá."

Baálẹ̀ gbóòórùn rẹ̀, ó sì tètè nà án sí olóyè àgbà. Olóyè sín lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́," Baálẹ̀ ní. "Òótọ́ ni ọ̀gá sọ, a kì í lé àgbà. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi tipátipá mú wọn fá sílíkóònù wọn."

Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Omi lé ròrò sójú Aránṣọ.

"Àmọ́ a kì í dá àgbà dá ìṣòro rẹ̀. Láti òní, máṣíìnì Aránṣọ á gòkè lọ sí pálọ̀ yín, torí ibẹ̀ gbẹ. Ẹ̀yin náà á sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó gbé àga sójú ibi tí máṣíìnì wà tẹ́lẹ̀, ẹ ó máa bọ̀wọ̀ fún àgbà láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí ìyàwó yín bá wẹ̀ tán tí ẹ̀kán kan ò kán sí yín lórí, ọjọ́ náà lẹ máa padà sókè. Ìyá, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ń wẹ̀ lójúmọ́?"

"Ẹ̀ẹ̀mejì ni, Baálẹ̀." Ó wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo lè fi kún un."

Aránṣọ bú sẹ́kún ayọ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń ká aṣọ. Bàbá Fúnra-mi ti sáré bá púlọ́ńbà lẹ́nu ọ̀nà, ó rọra fà á lápá.

"Ọmọ mi, jọ̀ọ́, irú abẹ wo ni wọ́n fi ń fá a?"