Ẹṣin Tó Sín sí Orin Ìfẹ́

Ní Hollywood, lọ́dún 1936, orin la kọ́kọ́ máa ń gbà sínú àwo. Lọ́jọ́ tí a bá ń ya fíìmù, àwo ni yóò máa kọrin, òṣèré yóò kàn máa mi ẹnu. Orville Tansey, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí òṣèré fún ìgbà àkọ́kọ́, gun ẹṣin funfun wọ ọgbà òdòdó bébà. Gelb, olùdarí eré, lọgun.

"Ẹ dúró! Orville, o ò sín!"

"Ọ̀gá, orin ìfẹ́ nìyí. Kí ló kan sísín níbẹ̀?"

"O sín sínú àwo! 'Olólùfẹ́, mo...' háàtíṣìn! '...fẹ́ ọ.'"

"Ẹ jẹ́ ká tún un kọ."

"Pẹ̀lú ta ni? Àwọn onífèrè ogójì ti tú ká. Ọ̀gá àgbà iléeṣẹ́ fíìmù wa sì ti gbọ́ ọ, ó sunkún. Ó ní òun ò rí ọkùnrin tí ìfẹ́ mú tó báyẹn rí."

"Ọ̀fìnkìn ló mú mi!"

"Má jẹ́ kó gbọ́. Aago márùn-ún làwọn káfíńtà ń bọ̀ wá tú ọgbà yìí. Bí o ò bá tíì sín dáadáa, Hoyt, òṣèré kejì, ni màá fi rọ́pò rẹ."

Àwo kọrin. Orville sín.

"O pẹ́! Ẹnu rẹ ti sọ̀rọ̀ ìfẹ́ tán, imú rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́."

"Ọ̀gá, ẹ ní kí n sunkún, màá sun ún. Imú tèmi ò kọ́ṣẹ́ eré."

Gelb bu ata lúbúlúbú, ó fẹ́ ẹ sókè sí imú Orville. Orí ẹṣin wà láàárín. Àwo dé "mo...", ẹṣin sín. Òdòdó bébà fò káàkiri.

"Ó bá a mu! Ta nìyẹn?"

"Ẹṣin ni, Ọ̀gá. Ṣé kí n sọ̀ kalẹ̀?"

"Má mira! Kàn tẹ orí ba, o ń bò ó mọ́ kámẹ́rà lójú."

Lọ́jọ́ kejì, Gelb wá bá Orville níbi tó ti ń kun àtíkè.

"Ọ̀gá àgbà ti wo fíìmù náà. Ó tún sunkún."

"Wọn ò lé mi?"

"Lílé kẹ̀? Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn iṣẹ́ ọdún márùn-ún."

"Ọlọ́run ṣeun! Fún èmi?"

"Fún ẹṣin. Òun ni yóò máa mi ẹnu, ìwọ ni wàá máa kọrin fún un. Wọ́n kàn bẹ̀ ọ́, má lo oògùn sí ọ̀fìnkìn yẹn."