Bí Oyèbámijí Ṣe Fi Gìtá Oníná Ṣẹ́gun Bàbá Onílé

“Bí ẹ bá gbé gìtá oníná yẹn wọlé, Bàbá Dúnsìn, ẹ̀yin àtòun lẹ máa jọ sùn síta!”

Ohùn Mọ́rèniké ló ń mi ṣọ́ọ̀bù onígìtá n'Ìkìrun tìtì. Ta ló sì ń bá wí? Oyèbámijí ọkọ rẹ̀ ni, onígbàjámọ̀ ọmọ onígbàjámọ̀, ọmọ a-fabẹ-lé-ọba-lórí-kọ́ba-ó-dúpẹ́, àrọ́mọdọ́mọ àwọn tó ń fá irun balógun, tí balógun ò gbọdọ̀ yí ọrùn. Akọni sún sẹ́yìn. Àgbò tó bá fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Fèrè tí Oyèbámijí rà lọ́dún tó kọjá ló jí Bàbá Onílé lójú oorun ọ̀sán, arúgbó náà sì búra lójú gbogbo ayálégbé pé bí orin kan bá tún ti yàrá yẹn jáde, kí wọ́n kó ẹrù wọn. Ìdí nìyí tí Mọ́rèniké fi di gìtá onígi mú bí ẹni di ọmọ mú létí odò: èyí ò mu iná, kò ní sípíkà, kí ló fẹ́ fi pariwo?

Nígbà náà ni akọni dìde, bí ìjì tó fẹ́ ṣí òrùlé. Ó ká ìka kan, ìka tó ti tẹ orí àwọn ìjòyè síwá sẹ́yìn, ó fi kan ikùn gìtá onígi bí ẹni ń kan àgbọn lọ́jà. Gbòòò. Ikùn òfìfo náà ké dé títì. Ó kan ti oníná. Kó. Pákó gidi ni, kò níkùn rárá.

“Láìsí sípíkà, èyí ò lẹ́nu,” ló wí. “Ta ló sì sọ pé mo fẹ́ ra sípíkà? Akọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ìgbà tí mo bá mọ̀ ọ́n lù tán layé máa gbọ́.”

“Ká délé ná. Mo ti mọ ibi tí màá kó ìkòkò mi lọ.”

Wọ́n ra oníná, wọ́n gbé e délé. Bí Bàbá Onílé ṣe rí gìtá, ó tẹ̀ lé wọn, ó sì fi etí lẹ ilẹ̀kùn wọn, etí tó ń gbọ́ bí ayálégbé bá ṣí omi ẹ̀rọ lójúlé kẹta. Mọ́rèniké jókòó lórí àpótí aṣọ, ó di ojú.

Wúyẹ́wúyẹ́ ni Oyèbámijí kéde láti orí bẹ́ẹ̀dì: “Ẹ̀yin ará Ìkìrun, ẹ gbọ́. Èmi ọmọ a-fabẹ-lé-ọba-lórí, èmi ni Ààrẹ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Odi tí fèrè ò lè wó, mo wó o lónìí.” Ó gbé apá sókè bí alágbẹ̀dẹ tó fẹ́ lu irin gbígbóná, ó sì fi gbogbo agbára ìran rẹ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ké lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dún yùn-ùn bí ẹ̀fọn tó há sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì. Ó tún lù ú. Òógùn bò ó, bẹ́ẹ̀dì ń mì, ó tún lù ú.

Bàbá Onílé gbá ilẹ̀kùn láti ìta.

“Bàbá Dúnsìn, ọbẹ̀ mi ń tutù. Bẹ̀rẹ̀ orin ọ̀hún, kí n lè rí yín lé jáde.”