Abẹ́ Ọ̀pẹ Mọ́ Tónítóní

Láti ìgbà tí bàbá ti kú, ọmọ rẹ̀ ló ń gbé igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ kọ́ èjìká. Òórùn òógùn bàbá ṣì wà lára igbà náà. Onílẹ̀ sì ti wí pé bí ẹyìn bá fi lè gbó jù sórí ọ̀pẹ, tí epo rẹ̀ kan, òun á wá akọ̀pẹ mìíràn. Ọmọ dúró sábẹ́ ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ orí ba, ó ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

"Ọ̀gá akọ̀pẹ, òkè ni ẹyìn wà o. Kí lo sọ nù sílẹ̀?"

"Màámi, ẹyìn tó bá pọ́n á já bọ́ fúnra rẹ̀. Bàbá ló kọ́ mi. Ẹ wolẹ̀, ẹyọ kan kò sí."

"Ó ti pupa."

"Pupa ojú lásán ni. Bí mo bá gé e báyìí, omi la máa fún, kì í ṣe epo."

Ìyá ní ẹyẹ ti ń ṣọ́ ìdì ẹyìn yẹn. Ọmọ ní ẹyẹ kì í ṣe akọ̀pẹ. Ìyá ní eku náà ti gòkè lọ wò ó. Ọmọ ní kí wọ́n kúkú gbé igbà fún eku.

"Ẹnu rẹ mú ju àdá rẹ lọ," ni ìyá wí.

Ọmọ wọlé lọ bu omi mu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ igbá kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ṣí i. Ẹyìn ni, ó pupa, ó ń dán, ó kún dé àárín igbá.

"Màámi, ibo lẹyìn yìí ti wá?"

"Abẹ́ ọ̀pẹ. Àbí abẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti ń ṣà á?"

"Ìgbà wo lẹ ṣà á?"

"Ìdájí ni mo máa ń gbálẹ̀. Ìwọ ṣì ń hanrun."

"Ó ti tó ọjọ́ mélòó?"

"Epo tó o fi jẹun lánàá ńkọ́? Òjò ló rọ̀ ọ́?"

Ọmọ jókòó sórí àpótí. Gbogbo bó ṣe ń wolẹ̀ láti ọjọ́ yìí, iṣẹ́ ìgbálẹ̀ ló ń wò.

"Ẹ sì ń gbá a báyìí nígbà ayé bàbá? Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?"

Ìyá tún ìró rẹ̀ ró. Ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Bàbá rẹ kì í wolẹ̀. Bó bá ti jí, á ní, 'Ìyàwó mi, kí lo gbá láàárọ̀ yìí?' Mo máa sọ fún un. Látìgbà tó ti lọ, kò sẹ́ni tó bi mí."

Ọmọ dìde. Ó gbé igbà, ó mú àdá, ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì padà. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Màámi. Kí lẹ gbá láàárọ̀ yìí?"

Ìyá fi etí aṣọ nu ojú. Ẹ̀rín ń yọ lẹ́nu rẹ̀.

"Àbọ̀ igbá. Ó ti tó gé. Ṣùgbọ́n yára o. Eku ti ṣáájú rẹ béèrè, mo sì ti dá a lóhùn."