Ẹyẹ Mọ́kàndínlógún Tí Kò Nírù

Bàbá Olóko kò tíì gé koríko ọdún yìí. Koríko ti gbó, òjò sì ti ń ṣú bọ̀. Bí òjò bá fi lù ú mọ́lẹ̀, jíjẹrà ló kù, ebi á sì pa màlúù. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni, ooru mú gan-an. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá oko, ó gbé dòjé lé orúnkún, ó ń dúró de ọkùnrin tí ọ́fíìsì kan rán wá láti ka ẹyẹ tó ń yé nínú oko náà.

Ọkùnrin náà ti inú koríko yọ, ó fi ìwé pẹlẹbẹ ń fẹ́ ara rẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Kú ìrìn, Ọ̀gá Akaẹyẹ. Ṣé kí n máa gé koríko mi?"

"Ẹ ò lè gé e. Ó di oṣù méjì."

Bàbá wo ojú ọ̀run. "Kí ló dé?"

"Oko tí ẹyẹ mẹ́wàá bá ti ń yé sí, dòjé ò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ títí ọmọ wọn á fi fò. Mọ́kàndínlógún ló wà nínú tiyín."

"Mọ́kàndínlógún! Ó lé lógójì ọdún tí mo ti wà níbí, ẹyọ kan ni mo mọ̀. Ojú mi ti fọ́ nìyẹn."

"Ẹ má bínú, Bàbá. Iṣẹ́ tó gba ẹ̀kọ́ ni."

"Mo rí i. Báwo lo ṣe kà á?"

"Mò ń rìn lọ tààrà. Bí ẹyẹ bá fò níwájú mi, mo kọ ọ̀kan. Á lọ bà níwájú. Bí mo bá dé ibẹ̀, òmíràn á tún fò, màá tún kọ ọ̀kan."

"Òmíràn."

"Òmíràn, Bàbá."

"Báwo ni wọ́n ṣe rí?"

"Àyà wọn pupa, ẹ̀yìn wọn dúdú, wọn ò sì nírù."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn! Ohun tó yà mí lẹ́nu nìyẹn. Ìran wọn ni. Mi ò rí irú ìran bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan."

"Ológbò mi ló fi eyín dá ìran náà sílẹ̀, lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ọ̀gá Akaẹyẹ ò rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwa tá a kàwé rẹ̀."

"Ìtẹ́ ẹyẹ náà wà lábẹ́ òkúta ọ̀hún yẹn. Ẹyin mẹ́rin. Mo ti ri igi yí i ká kí dòjé má bàa kàn án. Ìtẹ́ mélòó ni ìwọ rí?"

"Mi ò wá ìtẹ́ kiri. Ibi tí ẹyẹ bá ti fò dìde, ìtẹ́ wà níbẹ̀. Bí ìlànà ṣe wí nìyẹn."

"Ìlànà mà ríran o."

Afẹ́fẹ́ gbé òórùn òjò wá. Ọ̀gá Akaẹyẹ ṣí ojú ewé tó kẹ́yìn.

"Ó ku ìbéèrè kan. Màlúù mélòó lẹ ní? Àwa la máa bọ́ wọn fún oṣù méjì náà."

Bàbá họ àgbọ̀n. "Mọ́kàndínlógún."

"Bàbá! Láti àná, ẹyọ kan ni mo rí."

"Níbo lo ti rí i?"

"Lẹ́nu géètì."

"Ọ̀kan."

"Lẹ́yìn náà, nídìí kànga."

"Méjì. Kọ ọ́ sílẹ̀."

"Màlúù kan náà ni! Ó kàn ń rìn kiri ni! Ìwo rẹ̀ kan ti ṣẹ́!"

"Gbogbo wọn ni ìwo wọn ṣẹ́. Ìran wọn ni."

Ọ̀gá Akaẹyẹ wo ìwé, ó wo Bàbá, ó tún wo ìwé.

"Bí mo bá kọ màlúù mọ́kàndínlógún, wọ́n á rán ẹni tó máa wá tún un kà."

"Kó máa bọ̀. Kó ṣáà máa rìn lọ tààrà."

Ọ̀gá Akaẹyẹ fa bírò yọ. Ó fagi lé ibì kan, ó tún un kọ.

"Ẹyẹ kan. Màlúù kan. Ẹ máa gé koríko yín. Àmọ́ ẹ má dé ìdí òkúta yẹn o, ìtẹ́ wà níbẹ̀."

"Háà! O ṣeun tó o sọ fún mi."

Bàbá Olóko dìde, ó gbé dòjé kọ́ èjìká.

"Ọ̀gá, bó o bá gbójú sókè tó o rí arúgbó mọ́kàndínlógún tó ń gé koríko, má kọ wọ́n sílẹ̀ o. Èmi nìkan ni."

Ó wọ inú oko lọ.