Ìwé Ìbà Kò Wọnú Kọ̀ǹpútà Òkòkómáìkò

Ìwọ tí o ń ka èyí, rọra o. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé méjì kalẹ̀ níwájú rẹ, tó ní kí o wò ó bóyá a lè da ọ̀kan sínú èkejì, sọ fún un pé ojú ń dùn ọ́. Bí ó bá tún bẹ̀ ọ́, sọ pé ẹ̀yìn náà ń dùn ọ́. Ìyáàfin Eunice kò sọ ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tó gbé òun àti Rájí dé ààfin nìyẹn.

Ẹjọ́ ọ̀hún wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, kété tí wọ́n kírun ọ̀sán tán. Kò le láti yé èèyàn. Àwọn tó ń ta nǹkan iná ní Ìbà ní ẹgbẹ́ tiwọn, àwọn ti Òkòkómáìkò náà ní tiwọn. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní akọ̀wé tó ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbà kí olówò tà á: áyọ́ọ̀nù, fáànù, rédíò, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá yege, akọ̀wé á kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Ìbà, Rájí ló ń kọ ọ́, sínú ìwé ńlá eléèpo pupa kan, láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Ní Òkòkómáìkò, Ìyáàfin Eunice ni, obìnrin Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì yunifásítì. Òun kì í kọ tirẹ̀ sínú ìwé. Inú kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́ sí. Nígbà tí ẹgbẹ́ méjèèjì fẹ́ di ọ̀kan, Baálẹ̀ ní kí wọ́n da ìwé Ìbà sínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì fi ẹnì kan ṣoṣo ṣe akọ̀wé. Eunice fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹ ìwé náà wò. Ó dá a padà.

Bí ìwé náà kò bá wọlé, ọjà igba ó lé méjìlá tó wà nínú rẹ̀ kò ní ṣeé tà mọ́, Rájí á sì dìde lórí àga akọ̀wé. Kò ní àga mìíràn níbikíbi. Ìwé mẹ́fà ló kà. Ó jókòó sí etí ẹní, ó di ìwé rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì ń wo ẹnu ọ̀nà bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà lè sá lọ.

"Ta ló pe ẹjọ́?" Baálẹ̀ bi wọ́n.

"Èmi ni, Baba." Eunice kúnlẹ̀. Ó tú bébà gígùn kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ létí méjèèjì, irú èyí tí kọ̀ǹpútà máa ń pọ̀ jáde. Bébà náà ṣí, ó ń lọ, ó ń lọ, títí ó fi kan ẹsẹ̀ Ọ̀tún Baálẹ̀. Ọ̀tún fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn.

"Gbogbo èyí ni ẹjọ́ ẹ?" Ọ̀tún bi í.

"Rárá, sà. Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nìyí."

"Ìyá wa," Baálẹ̀ ní, "ẹ fẹnu sọ ọ́. Ebi ò tíì pa àwọn àgbà yìí, àmọ́ ó máa pa wọ́n."

Eunice ní, "Baba, nínú kọ̀ǹpútà tèmi, ọjà kọ̀ọ̀kan ní ilé mẹ́jọ. Ilé kan fún orúkọ ọjà. Ilé kan fún iye iná tó ń jẹ. Ilé kan fún wáyà ẹ̀, ilé kan fún bó ṣe gbóná tó, ilé kan fún ọjọ́ tí a yẹ̀ ẹ́ wò, títí dé orí ìkẹjọ. Mo ní kí n wá ohun tó máa gbé ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìwé Ọ̀gbẹ́ni Rájí. Orúkọ ọjà nìkan ló wọlé. Ilé méje ṣófo."

"Kí ló wà nínú ìwé tiẹ̀?"

"Èèyàn ni, Baba."

"Èèyàn, báwo?"

"Ẹ ní kó kà á fún yín."

Rájí dìde. Ó ṣí ìwé, ó sì ń fi ìka tẹ̀lé ọ̀rọ̀ bó ti ń kà.

"Áyọ́ọ̀nù dúdú, ti Àsíátù. Onídùúró: Fàtáì ti gáréèjì. Ó dára." Ó ṣí ojú ewé. "Fáànù orí tábìlì, ti Mùsítúrà. Onídùúró: Fàtáì ti gáréèjì. Ó dára. Rédíò ńlá kan. Onídùúró: ìyá Fàtáì, torí Fàtáì rìnrìn àjò. Ó dára."

"Rájí."

"Baba."

"Ìgbà wo lo fi iná sí àwọn nǹkan wọ̀nyí wò?"

Rájí wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹ forí jì mí, Baba. Ọjọ́rú ni ẹgbẹ́ fi àyẹ̀wò sí. Àdúgbò wa, kì í sí iná ní Ọjọ́rú."

"Fún ọdún mọ́kànlá?"

"Ó wá lẹ́ẹ̀kan, Baba. Ọjọ́ iléyá ló bọ́ sí. A ò jókòó."

"Kí ló dé tí ẹ ò yí ọjọ́ padà?"

"Ọjọ́rú ló wà nínú òfin ẹgbẹ́."

Ọ̀tún fọwọ́ bo ẹnu. Baálẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Rájí wí tẹnu ẹ̀. Rájí rí i pé àsìkò tó báyìí kò ní tún wá, ó sì kó gbogbo ohun tó ti ń rò láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

"Baba, mo rò ó dáadáa. Iná yìí, ta ló mọ ilé bàbá ẹ̀? Ó ń wá, ó ń lọ, kì í kí èèyàn. Bó bá jẹ́rìí sí áyọ́ọ̀nù lónìí, tí áyọ́ọ̀nù jólé lọ́la, níbo la ti máa rí iná mú? Onídùúró ńkọ́? Mo mọ ilé ẹ̀. Mo mọ ibi tó ń kírun. Bí a bá fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ wa, a kì í ki wáyà bọ ọmọ olọ́mọ lára ká tó mọ̀ bóyá ó dára. Àwọn tó mọ̀ ọ́n la ń bi. Ohun tí mo ṣe nìyẹn."

Àgbà méjì nínú ìgbìmọ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Eunice wò wọ́n. Wọ́n dá orí dúró.

"Ọ̀gbẹ́ni Rájí," ó ní, "bí áyọ́ọ̀nù bá gbé èèyàn, ṣé onídùúró ló máa já a gbà?"

"Kò tíì gbé ẹnikẹ́ni ní Ìbà, mà."

"Níbo ló ti fẹ́ rí iná gbé wọn?"

Wọ́n pe Fàtáì. Ó wọlé pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́, ó dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo èèyàn, títí kan ẹni tó ń bu omi.

"Fàtáì, ọjà mélòó lo dúró fún ní Ìbà?"

"Baba, ó lè tó márùn-ún."

"Mọ́kànlélógójì ni," Rájí ní, ó rọra sọ ọ́.

"Ọ̀gá Rájí, ẹ má pa mí láyò. Mọ́kànlélógójì, ṣé èmi nìkan ni mo lọ́wọ́ ni?"

"Ìka rẹ ló wà níbí. Gbogbo ẹ̀ ló jẹ́ ìka rẹ."

Fàtáì tẹjú mọ́ ìwé náà. "Ẹ̀n-ẹ́n. Èyí tí ẹ ní kí n wá tẹ̀ká sí ńjọ́sí? Èmi rò pé ìwé ìdìbò ni. Mo ní kí tèmi pọ̀ níbẹ̀ dáadáa."

"Ṣé o ti rí áyọ́ọ̀nù Àsíátù rí?" Baálẹ̀ bi í.

"Rárá, Baba. Àmọ́ mo rí Àsíátù. Ara ẹ̀ yá."

"Ìyá rẹ ńkọ́, tó dúró fún rédíò?"

"Ìyá mi ò gbọ́ràn dáadáa, Baba. Gbogbo rédíò ló dára létí wọn."

Rájí jókòó. Ó ń rò bí òun á ti sọ ọ́ fún ìyàwó òun. Ó ti ń to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, ó dé ibi tí ìyàwó á ti bú sẹ́kún, kí wọ́n tó pe Làtífù.

Làtífù ló ń bá Eunice fi iná sí ọjà wò ní Òkòkómáìkò. Ó ga, ó mọ́ tónítóní, bírò méjì wà lápò ẹ̀wù rẹ̀.

"Iná wà lọ́dọ̀ yín?" Baálẹ̀ bi í.

"Iná wà, sà. Bí iná bá lọ, jẹnẹrétọ̀ wà."

"Jẹnẹrétọ̀ ọ̀hún, ibo ló wà?"

"Ó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Wọ́n wá yá a fún ìsọjí."

"Nígbà wo?"

"Ó ti tó oṣù mẹ́jọ, sà. Ìsọjí ọ̀hún ń tẹ̀síwájú."

"Làtífù," Eunice ní, "ohun tí wọ́n bi ẹ́ nìkan ni kó o dáhùn."

"Òun náà ni mo ń dáhùn, mà."

Baálẹ̀ tẹ̀ síwájú lórí àga. "Láti oṣù mẹ́jọ yìí, nígbà tí iná bá lọ, báwo lo ṣe ń mọ bí áyọ́ọ̀nù ti gbóná tó?"

"Wọ́n kọ ọ́ sára páálí, sà."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Àwọn tó ṣe é."

"Àwọn tó ṣe é ló sọ pé ó dára?"

"Wọ́n tiẹ̀ ní ó dára gan-an ni, sà. Àwòrán ìyá kan tó ń rẹ́rìn-ín wà níbẹ̀."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Rájí gbójú sókè. "Baba, tèmi sàn. Fàtáì lèmi bi. Páálí làwọn bi."

"Ṣùgbọ́n ilé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ló kún," Eunice ní. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ wò ó, ó kún."

Baálẹ̀ béèrè bóyá ọjà kankan wà tó wà nínú ìwé pupa, tó sì tún wà nínú kọ̀ǹpútà. Eunice wá a lójú bébà, Rájí wá a lójú ìwé, wọ́n forí kan ara wọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan ṣoṣo ni wọ́n rí: áyọ́ọ̀nù dúdú ti Àsíátù, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbà àti ní Òkòkómáìkò. Àsíátù fúnra ẹ̀ wà láàárín èrò. Wọ́n ní kó lọ mú un wá. Ó mú un wá. Iná wà láàfin lọ́sàn-án àná, bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn.

Ọ̀tún ló ki wáyà ẹ̀ bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn tẹ́tí.

Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ó ń rò ó," Fàtáì ní.

Áyọ́ọ̀nù náà kùn. Ó dún gbàù. Èéfín dúdú gba abẹ́ rẹ̀ jáde, fáànù òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúró, rédíò tó ń sọ̀rọ̀ nílé kejì sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ọ̀tún bá ara ẹ̀ lẹ́yìn àga Baálẹ̀, kò sì mọ bí òun ti ṣe débẹ̀.

"Àsíátù, tìrẹ nìyí?"

"Èmi ni mo ń tà á, Baba," Àsíátù ní, ó ń fẹsẹ̀ rìn sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀ ọ́n dáadáa."

Baálẹ̀ wo áyọ́ọ̀nù náà títí èéfín fi tán.

"Ọjà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ó lé méjìlá ni ẹ kọ sílẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì," ó ní. "Nínú gbogbo ẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo ni ìwé yín fẹnu kò lé lórí. Ẹyọ ọ̀hún ló wà nílẹ̀ yìí. Ẹ gbọ́ ìdájọ́.

"Ìwé Ìbà á wọ inú kọ̀ǹpútà. Ìyá wa, ẹ máa kọ́ ilé kẹsàn-án síbẹ̀. Orúkọ akọ̀wé tó kọ 'ó dára' ni kẹ́ ẹ fi síbẹ̀. Àmọ́ kí ọjà tó wọlé, kí wọ́n kó gbogbo tí Rájí kọ lọ sílé Rájí, kí wọ́n kó gbogbo tí ẹ̀yin kọ lọ sílé yín. Kí kálukú ki iná bọ tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú yàrá tí òun àtàwọn ará ilé ẹ̀ ń sùn sí. Ọjọ́ kan gbáko fún ẹyọ kan. Ẹni tí ilé rẹ̀ bá ṣẹ́ kù ni akọ̀wé."

"Baba," Eunice ní, "ẹjọ́ yìí ò dọ́gba. Ilé tèmi ní iná."

"Rájí náà á dúró de tiẹ̀. Mo ti yọ Ọjọ́rú kúrò nínú òfin."

Ìgbìmọ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Baálẹ̀ na ọwọ́ sókè.

"Àánú kan wà níbẹ̀ o. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá lè dárúkọ ọjà kan, ẹyọ kan péré tó kọ fúnra ẹ̀, tó lè tàn sí yàrá àwọn ọmọ ẹ̀ kó sì fọkàn balẹ̀ sùn, mo fagi lé ìdájọ́. Ìwé ẹ̀ á wọlé lódindi. Àga á jẹ́ tiẹ̀ títí tó fi máa darúgbó."

Eunice bẹ̀rẹ̀ sí í ká bébà rẹ̀, ká, ká. Ó ní òun máa kọ́kọ́ lọ wo àwọn páálí.

Gbogbo ojú yí sí Rájí.

Ó ṣí ìwé. Ẹyọ kan péré. Bó bá ti dárúkọ kan báyìí, àga di tirẹ̀, ọjà igba ó lé méjìlá wọlé, ìyàwó ò sunkún. Ta ló máa tẹ̀lé e délé láti wò ó bóyá ó tàn án? Ó ṣí ojú ewé: Fàtáì, Fàtáì, Fàtáì, ìyá Fàtáì. Ìka rẹ̀ dúró lórí rédíò kan. Yàrá kan náà ni òun àtàwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sùn sí. Mọ́nsúrátù, àbíkẹ́yìn, ló ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń na ọwọ́ lójú oorun. Ìka Rájí kúrò lórí rédíò.

"A ń gbọ́," Baálẹ̀ ní.

"Rájí, kì í ṣe ohun ńlá," Ọ̀tún ní. "Kó tiẹ̀ jẹ́ gílóòbù."

Rájí pa ìwé náà dé. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó rìn síwájú, ó sì fi lélẹ̀ lẹ́sẹ̀ Baálẹ̀.

"Ẹ ṣàánú mi, Baba, ẹ má bi mí mọ́," ó ní. "Mi ò ní sọ ohunkóhun mọ́."

Wọ́n tún bi í. Ó padà jókòó, ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó fi sórí orúnkún, ó sì pa ẹnu mọ́.