Aró Ìyá Ọkọ Mi àti Ẹ̀rọ Tó Ń Gbọ́ Ohùn Ẹ̀jẹ̀

Ọjọ́ tí mo pín gbogbo ẹrù mi tán lórí bẹ́ẹ̀dì, tí n kò sì kú, kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Kókó kan ló yọ sí mi lọ́mú. Dókítà wa ní Iléṣà ní kí n lọ sí Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ tuntun kan wò. Ẹ̀rọ náà á tan ìmọ́lẹ̀ síni lára. Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan á gba ìmọ́lẹ̀ yẹn, á fọhùn tí etí èèyàn ò lè gbọ́, ẹ̀rọ á sì fi ohùn náà ya àwòrán. Bí iṣan ẹ̀jẹ̀ bá pọ̀ jù, tí wọ́n lọ́ mọ́ra bí ìtàkùn, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ta ló máa dé Òṣogbo tí kò ní yà kí ìyá ọkọ rẹ̀? Aláró ni Ìyá, n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ohun tó gbé mi wá, wọ́n ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, wọ́n ní "Bísímílà," wọ́n sì fi pa ọmú mi yíká. Wọ́n ní aró máa ń mú kókó wálẹ̀, n kò sì gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ títí di ìrọ̀lẹ́. Èmi tí ọkọ mi ò borí mi nínú àríyànjiyàn rí, mo ní, "Ẹ ṣeun, mà."

Ní ọsibítù, wọ́n pa iná yàrá, gbogbo wa sì wọ awò dúdú nítorí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí mo lè bí, gbé ẹ̀rọ lé mi. Ojú kọ̀ǹpútà funfun báláú. Ó gbé e lọ, ó gbé e bọ̀. Ó wá rọra béèrè pé, "Mọ́mì, ta lẹ bá wá?"

Ta ni ò mọ ohun tí ìbéèrè yẹn túmọ̀ sí? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹrù lọ́kàn mi. Àkọ́bí mi ló ni ẹ̀rọ ìránṣọ, àbíkẹ́yìn ló ni fíríìsà. Nígbà tó kan aṣọ òkè mi, mo rántí pé ìyàwó tí ọkọ mi máa fẹ́ lẹ́yìn mi ló máa ró o. Ibẹ̀ ni mo ti bú sẹ́kún.

Dókítà tanná, ó bọ́ awò kó lè rẹ̀ mí lẹ́kún. Ó wá rí i pé ìbọ̀wọ́ òun ti di aró.

"Mọ́mì, kí lẹ fi para?"

"Aró ni. Ìyá ọkọ mi ló fi pa mí."

Ó wá ibi kan jókòó ná. Ó ní ohun tó bá dúdú bẹ́ẹ̀ máa ń gba ìmọ́lẹ̀. Aró Ìyá ló ń pariwo sí ẹ̀rọ, kò jẹ́ kó gbọ́ ẹ̀jẹ̀.

Nọ́ọ̀sì fi kànìnkànìn bó mi bí ìkòkò. Nígbà tí wọ́n tún un yà, iṣan ẹ̀jẹ̀ mi ò pọ̀, olúkúlùkù wà láàyè rẹ̀. Wọ́n ṣì fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò kó lè dá wọn lójú, èsì sì fi hàn pé ọ̀rá lásán ni.

Mo lọ ròyìn fún Ìyá. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́: "Ṣé o rí i? Mo ní aró mi á ṣiṣẹ́."

N kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá fi para, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún dókítà, kí ẹ tó sunkún. Ní tèmi, aṣọ òkè mi ti wà nínú àpótí tí mo tì pa látìgbà yẹn, ọkọ mi ò sì tíì mọ ohun tó ṣe tí n kò fi bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Bí mo bá wo ojú rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí.