Orin Tí Kò Ní Àmín

Àárọ̀ Sátidé kan ni, ní àdúgbò Albarika ní Parakou, láyé ìjọba ológun tí wọ́n ń pè ní Ehuzu, tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Màmá Adéwùmí, olórí akọrin, kó àwọn obìnrin ìjọ sí àgbàlá rẹ̀ láti fi orin dúpẹ́ pé ọmọ rẹ̀ bí ìbejì láyọ̀. Ọlágbénró, délégé tó ń ṣojú ìjọba ní àdúgbò, já wọlé.

ỌLÁGBÉNRÓ: (ó kí i bí ìjọba ṣe ní kí wọ́n máa kí ara wọn) Ehuzu!

MÀMÁ: Dandan, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?

ỌLÁGBÉNRÓ: Mi ò wá jẹun, Kámáràdì Màmá. Mo ti pàṣẹ pé kò sí àdúrà lágbàlá ẹnikẹ́ni mọ́.

MÀMÁ: Orin là ń kọ.

ỌLÁGBÉNRÓ: Orin ò burú, ìjọba fẹ́ràn orin. Ibo gan-an ni orin yín ti ń di àdúrà?

MÀMÁ: (ó ronú) Bóyá níbi Àmín.

ỌLÁGBÉNRÓ: Ẹ yọ ọ́ kúrò! Ẹni tó bá ṣe Àmín lónìí, kọmisaríà àwọn ọlọ́pàá ló máa sùn.

MÀMÁ: A ti gbọ́, Délégé.

(Ó jáde tẹ̀ríntẹ̀rín. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, ó sáré padà wá. Àwọn obìnrin ṣì wà lórí ìdúró, òógùn bò wọ́n, wọ́n ń kọrin.)

ỌLÁGBÉNRÓ: Màmá! Ṣebí orin àárọ̀ nìyí?

MÀMÁ: Òun náà ni.

ỌLÁGBÉNRÓ: Kí ló dé tí kò tán?

MÀMÁ: Báwo ni yóò ṣe tán? Nínú ìjọ wa, Àmín la fi ń ti ilẹ̀kùn orin. Bí a kò bá ṣe é, ẹsẹ̀ kìíní là ń padà sí. Ìyá Àpínkẹ́ ti sùn lórí ìdúró, síbẹ̀ kò ṣi ohùn kejì rẹ̀ kọ.

ỌLÁGBÉNRÓ: Ẹ sáà jókòó!

MÀMÁ: Bẹ́ ẹ bá ń kọ orin ìjọba, ṣé ẹ máa ń jókòó láàárín rẹ̀?

ỌLÁGBÉNRÓ: Màmá, ọ̀gá mi ti ń bọ̀ láti Kùtọnu! Gbàgede ẹ̀yìn ògiri yìí ló ti fẹ́ bá ará ìlú sọ̀rọ̀. Bó bá gbọ́ "Jésù, Jésù" báyìí, ipò mi lọ nìyẹn!

MÀMÁ: Ó mà ṣe o.

ỌLÁGBÉNRÓ: Ẹ ṣe Àmín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

MÀMÁ: Àwa? Ká lè lọ sùn ní kọmisaríà? Ìwọ tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ ni kó o ṣe é.

(Ìró mọ́tò dé lẹ́yìn ògiri. Ọlágbénró wo ọ̀tún, ó wo òsì.)

ỌLÁGBÉNRÓ: (jẹ́jẹ́) Àmín.

MÀMÁ: Kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn.

ỌLÁGBÉNRÓ: Àmín!

MÀMÁ: A kì í já a bí okùn. Fà á!

(Ọlágbénró dijú, ó gbé orí sókè, ó sì fa Àmín náà títí ó fi kọjá ògiri. Àwọn obìnrin wó sórí ẹní.)

ỌLÁGBÉNRÓ: Ṣé ó ti tán?

MÀMÁ: Ó ti tán. O kú àdúrà, ọmọ mi.

ỌLÁGBÉNRÓ: Ta ló gbàdúrà?

MÀMÁ: Orin ló wà lẹ́nu tiwa.

ỌLÁGBÉNRÓ: Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi ò gbọdọ̀ gbọ́!

MÀMÁ: (ó na ọrùn, ó yọjú lókè ògiri) Ó ti gbọ́ o. Fìlà rẹ̀ ló ń ṣí yẹn.